Bí Alárùn Jẹjẹrẹ Ò Bá Lè Mí Délẹ̀ Mọ́: Àwọn Ohun Tó Lè Fà Á

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn ni?"

Àkọ́bí ìyá kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Balógun, ilé wọn sì wà ní Lafiaji, lókè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí màmá náà ti ń gba kíímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, fún jẹjẹrẹ ọmú. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jáde ní balùwẹ̀, ó di ògiri mú, kò sì lè mí délẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti pe àwọn ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Òde pé kí wọ́n máa bọ̀, pé ọ̀rọ̀ ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń sunkún bí ẹni pé òkú ni wọ́n gbé wá. (Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.)

Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ ní Èkó níbí, kò sì sí ìbéèrè tí mo gbọ́ tó èyí. Ó máa ń wù mí kí n jókòó ti ẹni tó bi mí, kí n ṣàlàyé délẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù kì í fún èèyàn láyè. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè mú kí ẹni tó ní jẹjẹrẹ má lè mí dáadáa. Jẹjẹrẹ tó tàn dé ẹ̀dọ̀fóró kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Púpọ̀ nínú ìyókù ló ní ìtọ́jú, ìtọ́jú ọ̀kan ò sì jọ ti èkejì rárá. Ewu tó wà nínú "ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró" ni pé ẹni tó bá ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí kì í tètè gbéra lọ sí ọsibítù.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró?

Ẹni tó bá ti se fùkù màlúù rí mọ̀ pé tí ẹ bá gbé e sómi, ńṣe ló máa ń léfòó nígbà tí ẹran tó kù ti rì. Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Tiwa náà bẹ́ẹ̀ ni. Ti apá ọ̀tún pín sí mẹ́ta, ti apá òsì pín sí méjì kí ọkàn lè ríbi jókòó, inú méjèèjì sì kún fún àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù wọn, tí ojú lásán ò lè rí. Ara àpò wọ̀nyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òpójẹ̀ tín-ín-rín sì yí wọn ká. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn, ibẹ̀ náà ló ti ń da afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán nù.

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá ti yí ara po tán ló gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá kó tó tún jáde lọ. Ó dà bí ọkọ̀ tó ń ti Surulere, Yaba tàbí Òṣòdì wá sí Erékùṣù Èkó: ibi yòówù kó ti ṣẹ̀ wá, ó di dandan kó gba orí afárá, yálà Carter, Eko tàbí Third Mainland. Nítorí náà, ohunkóhun tí kò yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀, afárá ló máa ti há. Ó lè jẹ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó já kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ òde ń wọlé tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà gbogbo, pẹ̀lú eruku, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti kòkòrò àrùn. Àárín ọ̀nà méjèèjì yìí ni wàhálà ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti jẹjẹrẹ tó tàn dé ibẹ̀, torí òun ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó kó wá sí Mushin, ọmọ Ìjẹ̀bú náà ni. Jẹjẹrẹ ọmú tó bá lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ ọmú náà ni, oògùn jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n sì máa fi tọ́jú rẹ̀. Wọn ò tún ní sọ ọ́ di àrùn mìíràn. Mo ti rí ìdílé tó ń bá ara wọn jà, tí wọ́n ń sọ pé màmá ò mu sìgá rí, pé báwo ló ṣe wá ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Màmá ò ní i. Ti ọmú rẹ̀ ló kó lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni pé bó bá ti tàn báyìí, dókítà kì í sábà ṣèlérí pé òun á mú un kúrò pátápátá. Àmọ́ oògùn wà tó lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, àwọn mìíràn sì ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Kókó kéékèèké tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró lè má tiẹ̀ dí èémí lọ́wọ́ rárá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí èémí bá ṣàdédé gé, ó yẹ ká wá ohun mìíràn wò, kódà bí a bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kókó wà níbẹ̀.

Omi tí kò sí nínú ẹ̀dọ̀fóró

Kò sí èyí tó ń da àwọn èèyàn láàmú tó eléyìí. Dókítà á wo ẹ́síréè, á ní omi wà níbẹ̀. Ará ilé á gbọ́ pé omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi mímu du aláìsàn. Èyí máa ń dùn mí, torí òùngbẹ á máa gbẹ ẹni náà lásán. Omi tí èèyàn mu kọ́ ló lọ síbẹ̀. Omi ọ̀hún ò sì sí nínú ẹ̀dọ̀fóró gan-an.

Ẹ mú ọ̀rá búrẹ́dì, ẹ so ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú atẹ́gùn díẹ̀ nínú, kí ẹ wá fi ìkúùkù tì í láti ẹ̀gbẹ́ kan títí tí ọ̀rá náà á fi yí ìkúùkù yín po. Ìkúùkù yín ni ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀rá yẹn ti di ìpele méjì báyìí: ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yín, èkejì wà lóde. Bí awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró ṣe rí nìyẹn. Ìpele ti inú lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, ti òde lẹ̀ mọ́ egungun ìhà. Nínú ara tó dá pé, omi tó wà láàrin ìpele méjèèjì ò ju ṣíbí tíì méjì sí mẹ́rin lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí awọ méjèèjì lè máa yọ̀ lára ara wọn bí a ṣe ń mí. Bí jẹjẹrẹ bá bà lé awọ yìí, tàbí tó dí ojú ibi tí omi náà ń gbà jáde, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ó lè tó lítà kan, ó lè tó méjì. Ẹ̀dọ̀fóró ò wá ní àyè láti fẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá ń ṣe kì í fẹ́ sùn gbalaja. Irọ̀rí méjì á di mẹ́ta, títí tí yóò fi máa sùn níjòókòó. Á máa wú ikọ́ gbígbẹ, á sì máa sọ pé nǹkan wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà òun kan.

Bí wọ́n ṣe ń fa omi náà ò le tó bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Aláìsàn á jókòó, á fara ti tábìlì tí wọ́n gbé irọ̀rí lé. Wọ́n á fi síkáànù wá ibi tí omi wà, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ibẹ̀ kú, wọ́n á wá gba ẹ̀yìn ti abẹ́rẹ́ tàbí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé láàrin egungun ìhà méjì. Wọn kì í sábà fà ju lítà kan àtààbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má bínú sí dókítà tó bá dá a dúró nígbà tí omi ṣì kù. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti ká jọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó bá ṣàdédé fẹ̀, ara rẹ̀ lè wú, kí ìnira tuntun tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ káàkiri Èkó pé ẹni tí wọ́n bá ti fa omi àyà rẹ̀, kì í pẹ́ kú. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí agbára ti tán pátápátá ni wọ́n gbà kí wọ́n fà á, bó bá wá kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, abẹ́rẹ́ ni wọ́n á dá lẹ́bi. Ohun tí èmi fojú ara mi rí ni ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, tó sùn gbalaja lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fa omi rẹ̀, tó sì béèrè ẹ̀kọ láàárọ̀.

Wọ́n á kó lára omi náà lọ sí ilé àyẹ̀wò, nítorí kì í ṣe gbogbo omi tó bá wà níbẹ̀ ni jẹjẹrẹ fà. Òtútù àyà lè fà á, ikọ́ ife lè fà á, ọkàn tí kò lágbára mọ́ náà lè fà á. Bó bá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó tún padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì túmọ̀ sí pé àrùn náà ti rìn jìnnà. Wọ́n lè wá fi rọ́bà sílẹ̀ níbẹ̀, tó sopọ̀ mọ́ ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí omi máa kán díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti gbẹ tán, wọ́n lè fi oògùn kan bíi pọ́dà sí i láti lẹ awọ méjèèjì pọ̀, kí omi má ríbi dúró mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣọ́ ẹni tó ní ìgò yìí, omi inú rẹ̀ á máa gòkè, á máa sọ̀ bó ṣe ń mí. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé ìgò náà ga ju àyà aláìsàn lọ láé, ì báà ṣe nígbà tí ẹ ń gbé e lọ ya ẹ́síréè.

Ẹsẹ̀ tó wú lápá kan

Mo bi àkọ́bí yẹn pé ṣé ẹsẹ̀ màmá ti ń wú tẹ́lẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ti òsì nìkan, bí ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o, wọ́n sì ń fi òrí àti àbọ́nìkí ra á láràárọ̀, àbúrò màmá ló ń rà á. Ó rà á láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà.

Jẹjẹrẹ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Kíímò tún ń dá kún un, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ àti ìdùbúlẹ̀ ojoojúmọ́. Inú òpójẹ̀ ẹsẹ̀ ló sábà máa ń dì sí. Ẹsẹ̀ kan á wú, èkejì á wà bó ṣe wà. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á máa dùn ún, ibẹ̀ sì lè gbóná. Bí ègé kan bá já lára ẹ̀jẹ̀ dídì náà, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ títí tí yóò fi dé ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni yóò ti há. Ẹ rántí afárá. Tírélà kan ṣoṣo ló bàjẹ́, àmọ́ gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti dúró.

Ohun tó fi ń yàtọ̀ sí ti omi ni pé ìṣẹ́jú kan ló máa ń ṣẹlẹ̀. Omi ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì ò ní ìkìlọ̀: èèyàn ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, èémí gé, àyà ń gún un bó bá mí sínú, ọkàn ń lù kìkì, ó lè wú ikọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dákú. Wàràwàrà ni. Ẹ máa gbé e lọ. Ní Èkó, ẹ lè pe 767 tàbí 112. Bí ẹsẹ̀ kan bá sì wú lára ẹni tó ní jẹjẹrẹ, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ má rà á, ẹ má fi nǹkan gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya síkáànù ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá rí i nígbà tó ṣì wà lẹ́sẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i wà, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ tàbí oníhóró, tí wọ́n á máa lò fún oṣù mélòó kan.

Síkáànù àyà fi hàn pé ohun tó ṣe màmá oníṣòwò aṣọ náà nìyẹn. Kò sí kókó jẹjẹrẹ kankan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Mi ò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó máa jẹ́ kó rò pé òun ló pa á lára. Kò sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má rà á.

"Ibà lásán ni"

Kíímò ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àmọ́ ó tún ń dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kù, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò jà lára wa. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn tí wọ́n gba oògùn náà ni wọ́n sábà máa ń kéré jù. Kòkòrò tí kò lè ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan lè dá òtútù àyà sílẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára nígbà yẹn. Torí pé kò sí ọmọ ogun, ikọ́ lè má pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè má sí. Ara gbígbóná nìkan lè jẹ́ àmì.

Ní Èkó, ta ni ara rẹ̀ gbóná tí a ò ní sọ pé ibà ni? A ó lọ sí kẹ́mísì, a ó ra oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta àti parasitamọ́ọ̀lù, ara á rọlẹ̀ díẹ̀, a ó ní ó ti ń lọ. Ọjọ́ kẹta, èémí ò délẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló ń pa àwọn èèyàn. Bí ẹni tó ń gba kíímò bá ní 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí tẹmọ́mítà, ọsibítù lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ agogo méjì òru, kí ẹ sì sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé kíímò ló ń gbà. Ó yẹ kí wọ́n ti máa fún un ní oògùn apakòkòrò láàrin wákàtí kan. Ẹ ra tẹmọ́mítà. Ọwọ́ tí a fi ń kan iwájú orí ò tó.

Ikọ́ ife ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí náà. Ó lè ti fara pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó jí nígbà tí kíímò bá rẹ ara sílẹ̀. Òdì kejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: ẹni tí jẹjẹrẹ wà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí wọ́n kàn wo ẹ́síréè tí wọ́n ní ikọ́ ife ni, tó ń lo oògùn ikọ́ ife fún oṣù mẹ́fà tí ikọ́ náà ò lọ. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Nígbà mìíràn, ìtọ́jú náà gan-an ló fà á. Ẹni tí wọ́n tan ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ sí àyà rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ gbígbẹ lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́fà tó ti parí, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ló wú nítorí ìtànṣán náà. Oògùn apakòkòrò ò ní ràn án, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, bíi prednisolone, ló máa ń ràn án, dókítà sì ni yóò sọ iye rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń pè ní bleomycin lè dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá ti gbà á rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà tó fẹ́ kun ún lóorun kí iṣẹ́ abẹ kankan tó wáyé, torí ọ́síjìn tó bá pọ̀ jù lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ́ṣẹ́. Kíímò pupa tí ọ̀pọ̀ obìnrin mọ̀ sì lè mú kí ọkàn má lágbára mọ́, kí èèyàn máa rò pé ẹ̀dọ̀fóró ni.

Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ni. Bí PCV, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ̀dọ̀fóró lè dá pé pérépéré kí èèyàn ṣì máa mí hẹlẹhẹlẹ, nítorí kò sí ẹ̀jẹ̀ tó máa gbé ọ́síjìn náà lọ.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè fò. Bí ojú àti ọrùn bá ń wú, pàápàá láàárọ̀, tí òpójẹ̀ ọrùn sì yọ síta, jẹjẹrẹ lè ti tẹ òpójẹ̀ ńlá tó wà láyà mọ́lẹ̀. Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Nínú ilé

Ọ̀pọ̀ ti ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ó dára, 95 sókè ló yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ̀rọ náà máa ń ka ọ́síjìn sí púpọ̀ ju bó ṣe jẹ́ lọ nígbà mìíràn. Láàlì àti ọ̀dà èékánná náà lè tàn án jẹ. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ní 96, tí ojú yín sì ń rí ẹni tí kò lè parí gbólóhùn kan láìdánu dúró, ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bí ẹ ti ń dúró de ọkọ̀, ẹ gbé e jókòó, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó fi ìgbọ̀nwọ́ lé irọ̀rí lórí itan. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ fi fáànù tàbí abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ojú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá kan ojú máa ń dín ìnira èémí kù lóòótọ́. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Kí àwọn tó ń sunkún lọ sí yàrá mìíràn. Fún ẹni tí àrùn rẹ̀ ti le, dókítà lè fún un ní morphine díẹ̀, ìyẹn oògùn ìrora tó lágbára. Àwọn ẹbí máa ń kọ̀ ọ́, wọ́n á ní oògùn ikú ni. Ìwọ̀n kékeré tí dókítà bá kọ máa ń mú kí ìfòyà àti ìnira náà rọlẹ̀. Kì í ṣe láti fi gba ẹ̀mí rẹ̀.

Màmá Lafiaji lo ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, mo ní kí àkọ́bí rẹ̀ mú bírò. Lẹ́yìn káàdì ọsibítù ló kọ ọ́ sí: orúkọ jẹjẹrẹ náà, orúkọ kíímò kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n gbà á kẹ́yìn, bóyá wọ́n ti tan ìtànṣán rí àti ibi tí wọ́n tàn án sí, abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń gbà, nọ́ńbà dókítà. Ó bi mí pé ṣé kí òun kọ ti ẹsẹ̀ náà kún un. Mo ní kó kọ ọ́ sókè pátápátá. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: ẸSẸ̀ ÒSÌ, Ẹ MÁ RÀ Á. Àbúrò màmá gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tì í bọ inú báàgì ara rẹ̀.